Àṣàkẹ́ tí mo pè ní abo ti kọ: irú àkùkọ kéékèèké wo nìyí?

ÌyáÌbejì_Texas

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin aládìẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ojú tó mọ adìẹ ju tèmi lọ ni mò ń wá.

Ẹ̀gbẹ́ Houston ni mò ń gbé, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì alẹ́ ni mò ń ṣe. Nínú oṣù kẹta, àwọn ìbejì mi fà mí lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ ẹran ọ̀sìn. Tí òtútù bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ níbí, wọ́n á kó òròmọdìẹ sínú ọpọ́n irin ńláńlá, wọ́n á gbé gílóòbù pupa kọ́ sókè rẹ̀ kí ooru lè mú wọn, ariwo wọn á sì gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù kan. Mo mú Rhode Island Red mẹ́fà, torí ẹyin ni mo bá wá. Wọ́n kọ ọ́ sára ọpọ́n tiwọn pé abo ni gbogbo wọn. Ọpọ́n tó tẹ̀ lé e ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. "Bantam oríṣiríṣi" ni wọ́n kọ síbẹ̀, wọn ò dárúkọ ìran kankan, wọn ò sọ akọ, wọn ò sọ abo. Òròmọ inú rẹ̀ kò ju ẹyin àparò lọ. Táyé ní òun fẹ́ ẹyọ kan tó wọ ìbọ̀sẹ̀, ìyẹ́ ló bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Kẹ́hìndé ní bí ti Táyé bá jẹ́ ọ̀kan, tòun á jẹ́ méjì, torí òun ni ẹ̀gbọ́n.

Mo bi ọmọkùnrin tó ń bá wa kó wọn sínú páálí pé ṣé abo ni. Ó ní, "Bóyá." Èmi náà sanwó.

Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé bantam ni adìẹ tí kò ní tóbi títí ayé. Odindi oṣù kan ni mo fi ń bu oúnjẹ lọ́tọ̀ fún àwọn mẹ́ta yìí, mo rò pé àwọn pupa ló ń fi ìyà jẹ wọ́n.

Wọ́n ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún báyìí. Láàárọ̀ Sátidé, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pa iná ọkọ̀ ni, mo gbọ́ ohun kan lẹ́yìnkùlé tó ń han bí ilẹ̀kùn tí kò fojú kan epo láti ọdún mẹ́ta. Mo rò pé ilẹ̀kùn ilé adìẹ ló ń fì. Mo yọjú. Àṣàkẹ́ ni mo bá lórí bọ́kẹ́ẹ̀tì tí mo dojú rẹ̀ délẹ̀, ó na ọrùn, ó dijú, ó ń kọ! Kí n tó panu dé, àwọn méjì yòókù ti ń gbè é.

Ìlú kékeré tí a wà gba abo adìẹ lẹ́yìnkùlé, kò gba àkùkọ rárá. Mo mọ̀ pé wọn ò lè pẹ́ lọ́dọ̀ mi. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ fi wọ́n tọrẹ láì mọ ohun tí wọ́n jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n ṣàpèjúwe wọn.

Àṣàkẹ́: àwọ̀ oyin ni gbogbo ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ yí etí ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan ká láti ọrùn dé ìrù, àfi bí ẹni pé aránṣọ kan jókòó tó ń fi òwú dúdú gbá etí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò ní ìrù àkùkọ, èyí tó máa ń tẹ̀ bí dòjé. Ìyẹ́ ọrùn rẹ̀ rí rìbìtì lẹ́nu, kò ṣe ṣóńṣó. Ìdí tí mo fi sọ ọ́ ní Àṣàkẹ́ nìyẹn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú bí ojú ọ̀run tó ṣú. Kò dúró jẹ́ẹ́ rí, ó máa ń yan bí ìyàwó tó ń ti ọjà bọ̀ tó mọ̀ pé wọ́n ń wo òun.

Onírùngbọ̀n: èyí tó wọ ìbọ̀sẹ̀. Àwọ̀ èèpo ọsàn tó pọ́n ni, ẹnu ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan dúdú, ní góńgó dúdú náà gan-an àmì funfun tún wà níbẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ti ìka bọ efun tó sì ń tọ́ ọ kiri. Irùngbọ̀n rẹ̀ kún dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìyẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn débi pé ó ń gbálẹ̀.

Ẹ̀kẹta ló fẹ́ẹ̀ pa mí lẹ́kún. Dúdú ni, ó rí bìrìpọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ náà níyẹ̀ẹ́, gbogbo ìyẹ́ ara rẹ̀ sì ká síta bí ẹni tí atẹ́gùn ń fẹ́ láti ẹ̀yìn. Aṣá ni! Ìyá ìyá mi ní aṣá méjì ní Ìkìrun nígbà tí mo wà ní kékeré. Àwọn kan máa ń wá bẹ̀ ẹ́ lálẹ́ pé kó ta ọ̀kan fáwọn, kì í bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe, kì í sì í tà. Ta ló wá gbé aṣá dé Texas?

Ẹ má sọ fún mi pé kí n fi wọ́n se ọbẹ̀ o. Mo mọ̀ pé ẹlòmíì ti ń gé àlùbọ́sà.

Ọmọ_Ògbómọ̀ṣọ́

Ìyá Ìbejì, bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe wọn yẹn, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò lè kún ìkòkò kan. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa kọ. (Mo ti gé àlùbọ́sà náà ṣá.)

BàbáAlágò_Abẹ́òkúta

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ alẹ́ o, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ.

Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń sin adìẹ, ti ìbílẹ̀ àti ti àgíríkì. Ti àkọ́kọ́ yẹn, mi ò gbà pé akọ ni. Àkùkọ tí kò ní ìrù dòjé, tí ìyẹ́ ọrùn rẹ̀ rìbìtì, níbo ni wọ́n ti rí irú ẹ̀? Abo tó ń kọ ni. Ó máa ń ṣẹlẹ̀. Èyí tí mo fojú mi rí lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn ti yé ẹyin títí kó tó dẹ́kun, ló wá di pé ó ń kọ. Nílé wa, wọn kì í jẹ́ kí irú rẹ̀ sùn mọ́jú, àwọn àgbà ò fẹ́ràn ẹ̀. Èmi ò sọ pé kí ẹ pa á. Mo kàn ní abo ni.

Kẹta, aṣá ni lóòótọ́. Ẹ sọ ibi tí ẹ ti rà á fún mi kí n mọ bí wọ́n ṣe kó o kúrò nílẹ̀ yìí.

Adé_Kent

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó yẹ ẹ, ẹ jẹ́ kí n ta kò yín díẹ̀.

Ìyá Ìbejì, mò ń sin bantam ní ilẹ̀ ọgbà kan ní Kent, mo sì máa ń kó wọn lọ síbi ìdíje lọ́dọọdún. Mi ò tíì gba ipò kìíní rí, ṣùgbọ́n mo ti jókòó ti àwọn tó ń gbà á pẹ́ débi pé mo mọ ohun tí wọ́n ń wò. Ẹ gbàgbé àwọ̀ ná. Àwọ̀ ló máa ń tan èèyàn, torí àwọ̀ kan náà lè wà lára ìran mẹ́wàá. Orí ni mo kọ́kọ́ máa ń wò, mo bọ́ sí ẹsẹ̀, kí n tó wá wo ìrù.

Ẹ ò sọ nǹkan kan nípa ogbe Àṣàkẹ́. Bí ogbe náà bá dúró gangan tó léyín bí ayùn, mo ti ṣì í. Ṣùgbọ́n bó bá tẹ́ pẹrẹsẹ sórí, tó ní kókó wẹ́wẹ́ wẹ́wẹ́, tí ẹ̀yìn rẹ̀ wá yọ ṣóńṣó kan bí ìwo kékeré, Sebright aláwọ̀ wúrà ni, akọ sì ni. Ìran yìí ni ìrù rẹ̀ máa ń tan gbogbo ayé: akọ rẹ̀ kì í hu ìrù dòjé, kì í hu ìyẹ́ ṣóńṣó lọ́rùn tàbí nídìí. Bí abo ṣe ń wọṣọ ló ń wọṣọ. Ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Sir John Sebright, tó kú ní 1846, ló fi ọ̀pọ̀ ọdún da oríṣiríṣi adìẹ pọ̀ títí ó fi rí i ṣe. Ìlà etí ìyẹ́ yẹn ló ń wá, tí ẹ pè ní iṣẹ́ aránṣọ. Àfiwé yẹn dùn mọ́ mi, màá jí i gbé.

Onírùngbọ̀n ò le. Irùngbọ̀n pẹ̀lú ìyẹ́ lẹ́sẹ̀ pẹ̀lú ogbe ayùn: d'Uccle ni. Ní Uccle, lẹ́bàá Brussels ní Bẹ́ljíọ̀m, ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́fà ọdún sẹ́yìn. Àwọ̀ ọsàn alámì funfun yẹn ni wọ́n ń pè ní Mille Fleur, "ẹgbẹ̀rún òdòdó" lédè Faransé. Ó ní ìbátan méjì tó lè dà yín rú. Ọ̀kan ò ní irùngbọ̀n rárá, Booted ni wọ́n ń pè é. Ìkejì ní irùngbọ̀n, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ lóló, ogbe rẹ̀ sì tẹ́, d'Anvers nìyẹn. Tiyín kì í ṣe ọ̀kankan nínú wọn.

Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ rí dáadáa. Pekin là ń pè é lọ́dọ̀ wa níbí, ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà ń pè é ní Cochin bantam. Ó rí bìrìpọ̀ bí ìrọ̀rí, ìyẹ́ bo ẹsẹ̀ rẹ̀ dé ìka. Ìyẹ́ tó ká síta náà lè wà lára Pekin. Àmọ́ ó lè jẹ́ àdàlù Silkie, ìran adìẹ kan tí awọ rẹ̀ dúdú, torí náà ẹ bá mi ka ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Bó bá jẹ́ márùn-ún, Silkie wà nínú ìdílé rẹ̀. Ẹ tún wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀: ṣé dúdú ni àbí yẹ́lò?

Bí ẹ bá ní òṣùwọ̀n nínú kíṣìnì, ẹ wọ̀n wọ́n. Ẹ tún wo ẹ̀yìn ẹsẹ̀ Àṣàkẹ́ bóyá kókó ògàn ti ń yọ, kí Bàbá lè sùn dáadáa.

ÌyáÌbejì_Texas

Ẹ ṣé gan-an ni. Alẹ́ àná ni mi ò lọ síbi iṣẹ́, ni a bá ṣe é.

Mo ti rántí ohun tí ìyá ìyá mi máa ń sọ, pé bí o bá fẹ́ mú adìẹ láì sáré, jẹ́ kó fọwọ́ ara rẹ̀ lọ sùn. A dúró di aago mẹ́sàn-án. Táyé gbé tọ́ọ̀ṣì, mo ní kó fi aṣọ pupa bò ó lójú kó má baà tàn sí wọn jù. Kẹ́hìndé gbé ìwé àti báírò, òun ni akọ̀wé. Mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ Àṣàkẹ́ níbi tó wọ̀ sí, mo gbé e. Ọkàn rẹ̀ ń lù kìkìkìkì lọ́wọ́ mi, ó yára ju ti ọmọ ìkókó tí mò ń fi ẹ̀rọ gbọ́ níbi iṣẹ́. Kò jà. Ó kàn ń wò mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó fẹ́ mọ ìdí.

Ogbe: ó tẹ́. Kókó wẹ́wẹ́ ló kún orí rẹ̀, ó mú bí ẹ̀yìn ahọ́n ológbò téèyàn bá fọwọ́ kàn án, ìwo kékeré kan sì na sẹ́yìn. Adé, bí ẹ ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni. Ojú rẹ̀ pọ́n, ṣùgbọ́n ó pọ́n dúdú, bí omi iṣápá pupa tí wọ́n bọ̀ tó sì tutù. Lẹ́yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, kókó kan wà níbẹ̀ bí èso ata rodo kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ so. Bàbá, ògàn ni o.

A gbé wọn sínú abọ́ tí mo fi ń po ìyẹ̀fun, a gbé abọ́ lé òṣùwọ̀n kíṣìnì (mo ti fọ̀ ọ́, ẹ má bínú). Àṣàkẹ́: 570 gíráàmù. Onírùngbọ̀n: 660. Aṣá: 790, lẹ́yìn tó ti yàgbẹ́ sínú abọ́ mi. Kẹ́hìndé béèrè pé ṣé kí òun kọ ọ́ ṣáájú ìgbẹ́ tàbí lẹ́yìn ìgbẹ́. Mo ní lẹ́yìn.

Ọmọ ìka aṣá jẹ́ mẹ́rin mẹ́rin. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ́lò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iwájú ẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú. Abẹ́ ìyẹ́ rẹ̀, awọ ara rẹ̀ náà kò dúdú. Mo sì rí i pé tí mo bá fọwọ́ pa ìyẹ́ rẹ̀ délẹ̀, ó máa ń dìde padà bí irun ọmọ tó kọ òyà.

Adé_Kent

Ó parí. Ìka mẹ́rin, àtẹ́lẹsẹ̀ yẹ́lò, awọ tí kò dúdú: kò sí Silkie níbẹ̀. Pekin oníyẹ̀ẹ́ kíká ni, tàbí Cochin bí ẹ̀yin ṣe ń pè é. Ìwọ̀n wọn náà bá a mu. Àgbà àkùkọ Sebright kì í ju nǹkan bí 620 gíráàmù lọ, d'Uccle nǹkan bí 740, Cochin bantam nǹkan bí 900. Tiyín ṣì jẹ́ ọ̀dọ́.

Ẹ má bá ọmọkùnrin ṣọ́ọ̀bù yẹn jà o. Òtítọ́ ni "bóyá" tó sọ. Adìẹ ńlá tí wọ́n ń tà ní abo, ẹni tó kọ́ṣẹ́ ló máa ń tẹ ìdí òròmọ ọjọ́ kan wò, àwọn ará Japan ló sì sọ ọ́ di iṣẹ́ ní àwọn ọdún 1920. Òròmọ bantam kéré, ó sì gbẹgẹ́ ju kí wọ́n máa tẹ ìdí rẹ̀, wọn kì í sábà yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá ṣe jáde nínú ẹyin ni wọ́n ṣe ń tà á, akọ tàbí abo. Ẹyọ mẹ́ta, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta akọ: orí tiyín ló kàn ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ fi ṣe ẹ̀rín.

Tọ́lá_Ẹranọ̀sìn

Ẹ káàárọ̀, Mà. Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Mo kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹran ọ̀sìn ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta, adìẹ sì ni mo fi ṣe iṣẹ́ àkànṣe mi, ni mo fi ní kí n dá sí i.

Bàbá, ẹ ò jẹ̀bi lórí Àṣàkẹ́. Ohun tí ẹ sọ nípa abo tó ń kọ máa ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ẹyọ ilé ẹyin kan ló máa ń ṣiṣẹ́ lára adìẹ, ti apá òsì. Bí àìsàn bá bà á jẹ́, omi ara abo á wálẹ̀, adìẹ náà lè máa hu ìwà akọ. Ṣùgbọ́n ó máa ń kọ́kọ́ yé ẹyin ná, bíi tiyín yẹn. Àṣàkẹ́ ò tíì tó oṣù mẹ́rin, kò yé ẹyin kankan rí, ó sì ti ń yọ ògàn.

Ti Sebright yìí ya àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ lẹ́nu ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Nínú awọ ara rẹ̀, èròjà kan wà tó máa ń sọ họ́mọ́ọ̀nù akọ di ti abo kó tó dé ibi tí ìyẹ́ ti ń hù. Gbogbo ara yòókù mọ̀ pé akọ lòun: ó ń kọ, ó ń jà, ó ń gun abo. Ìyẹ́ nìkan ni ìròyìn ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Thomas Hunt Morgan, ará Amẹ́ríkà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1933, tẹ àkùkọ Sebright lọ́dàá láti wádìí ẹ̀. Nígbà tí wọ́n pa ìyẹ́ dà, ìrù dòjé hù lára wọn. Ìgbà tí wọn kì í ṣe akọ mọ́ ni wọ́n tó wá rí bí akọ! Lọ́jọ́ tí olùkọ́ wa sọ ọ́ ní kíláàsì, gbogbo wa ò gbà á gbọ́.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ ti aṣá. Bàbá, wọn ò jí i kó níbí. Aṣá wà nílẹ̀ Éṣíà náà láti ọjọ́ pípẹ́. Bantam gan-an, orúkọ èbúté kan ní Java ni, níbi tí àwọn atukọ̀ Yúróòpù ti máa ń ra adìẹ kéékèèké sínú ọkọ̀. Aṣá kì í ṣe ìran, ohun kan nínú ẹ̀jẹ̀ ni, tó lè wọ inú ìran èyíkéyìí. Bí òròmọ bá gbà á lọ́dọ̀ òbí kan péré, ìyẹ́ rẹ̀ á ká dáadáa, bíi ti èyí. Bó bá gbà á lọ́dọ̀ òbí méjèèjì, ìyẹ́ náà á ká jù, á máa ṣẹ́, ara rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìhòòhò. Torí náà, Mà, ẹnikẹ́ni tí ẹ bá fún, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ fún un pé abo tí ìyẹ́ rẹ̀ ń dùbúlẹ̀ ni kó jẹ́ kó máa gùn. Nǹkan bí ìdajì àwọn ọmọ á ká, ìdajì á dùbúlẹ̀, kò sí èyí tó máa jìyà. Aṣá pẹ̀lú aṣá, ìkan nínú mẹ́rin ló máa ń bọ́ sínú wàhálà yẹn.

Nǹkan kan tún wà tí ẹ ò béèrè: nínú ooru Texas, aṣá á gbádùn ju àwọn méjì yòókù lọ, torí atẹ́gùn ń ráyè dé ara rẹ̀. Ìdí tí a fi ń kọ́ nípa aṣá àti abọ́lọ́rùn, èyí tí ọrùn rẹ̀ kò níyẹ̀ẹ́, lọ́dọ̀ wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí òjò bá pa á, ẹ tètè nù ún gbẹ.

BàbáAlágò_Abẹ́òkúta

Tọ́lá ọmọ mi, o káre. Ògàn ti já mi nírọ́. Mo gbà pé akọ ni.

Ṣùgbọ́n ohun tí o sọ nípa aṣá pẹ̀lú aṣá, kì í ṣe FUNAAB ló kọ́ ìyá mi. Bí akọ aṣá bá ti ń sáré tẹ̀ lé abo aṣá, ìyá mi ń ju òkò lù ú nìyẹn. "Òpìpì lo fẹ́ bí fún mi?" ló máa ń sọ fún un. Bí ẹni ń bá ọkọ ìyàwó sọ̀rọ̀.

Tọ́lá_Ẹranọ̀sìn

Ẹ ṣeun, Bàbá. Òpìpì gan-an ọ̀tọ̀ ni, ìyẹ́ apá ni kì í ní dáadáa, ohun mìíràn ló ń fà á. Ṣùgbọ́n ojú ìyá yín ríran. Adìẹ tí wọ́n rí yẹn, ó dájú pé ara rẹ̀ hó.

Adé_Kent

Ìyá Ìbejì, kí ẹ tó fi wọ́n tọrẹ, ohun díẹ̀ tí ẹni tó bá gbà wọ́n gbọ́dọ̀ mọ̀. Ẹrọ̀fọ̀ ni ọ̀tá d'Uccle àti Cochin. Tí ẹrẹ̀ bá gbẹ mọ́ ìyẹ́ ẹsẹ̀ wọn, wọ́n á máa ṣá a, á ṣẹ̀jẹ̀. Kó máa gbé ẹsẹ̀ wọn yẹ̀ wò, bí ìpẹ́ ẹsẹ̀ bá ń gbé sókè, kòkòrò ló wà lábẹ́ rẹ̀, kó fi Vaseline pa á dáadáa ní ọjọ́ mélòó kan sí ara wọn. Sebright kì í sàba dáadáa, àkùkọ rẹ̀ náà kì í fi bẹ́ẹ̀ bímọ púpọ̀, kó má retí agbo. Ó sì lè fò. Kó fi nẹ́ẹ̀tì bo òkè. Tèmi ti fò lọ sórí ilé aládùúgbò rí, ó lo ọjọ́ méjì níbẹ̀.

Ọmọ_Ògbómọ̀ṣọ́

Adé, o ò wí fún wa pé adìẹ́ rẹ ti sá kúrò nílé rí.

Adé_Kent

Ó padà wá fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀.

ÌyáÌbejì_Texas

Mo ní kí n sọ bó ṣe parí fún yín, torí àwọn kan ń béèrè nínú ìwé ìkọ̀kọ̀.

Ọkùnrin kan wà tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ará Mẹ́síkò ni, ó ní ilẹ̀ ní ìgbèríko, kò jìnnà ju wákàtí kan lọ. Ó ní ìyá òun ní adìẹ Cochin kéékèèké márùn-ún tí ìyẹ́ wọn ń dùbúlẹ̀, láìní akọ. Mo sọ ọ̀rọ̀ Tọ́lá fún un nípa aṣá pẹ̀lú aṣá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìyá òun mọ̀ ọ́n. Màmá náà kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, èmi ò gbọ́ Sípáníìṣì. Mo gbé aṣá lé e lọ́wọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ìyẹ́ rẹ̀ délẹ̀, ìyẹ́ dìde padà, ó wò mí, a jọ bú sẹ́rìn-ín. Ó na ìka mẹ́fà sí mi, ó fọwọ́ ṣàpẹẹrẹ ẹyin. Bí abo wọn bá sàba, ẹyin mẹ́fà ni tèmi.

Ó gba Onírùngbọ̀n náà. Ibi tí wọ́n ń gbé gbẹ, yanrìn ni, kò sí ẹrọ̀fọ̀.

Àṣàkẹ́ ni mi ò mọ̀ bóyá wọ́n máa gbà. Kẹ́hìndé ti fi ọ̀sẹ̀ méjì ronú nípa orúkọ rẹ̀. Mo ní kó yí i padà sí Àkànní, orúkọ akọ. Ó ní rárá, pé adìẹ náà ti ń dáhùn, ẹni tó bá ti ń jẹ́ orúkọ ló ni ín. Mi ò rí èsì fún un. Kẹ́hìndé fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sára páálí: ÀṢÀKẸ́, AKỌ NI, Ó LÈ FÒ. Màmá ka orúkọ náà bó ṣe lè kà á. "Asaké." Ó dáa, mo ní.

Mi ò tíì sọ ti ọ̀nà. Orí títì I-10 la wà, ọkọ̀ kún, a ò rìn. Páálí mẹ́ta wà lẹ́yìn, mo ti dá ihò sí gbogbo wọn. Ọkọ̀ ọlọ́pàá kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, wíńdò rẹ̀ wà nílẹ̀. Àṣàkẹ́ wá kọ, ohùn ilẹ̀kùn tí kò rí epo yẹn náà. Ọlọ́pàá yíjú sí wa. Táyé yíjú sí i, ó fara balẹ̀ gbé ọwọ́ lé ọ̀fun ara rẹ̀, ó wúkọ́.